Kèrègbè Ìyẹ̀fun Eegun

Ẹ má lé e, ẹ̀yin ọmọ. Láwàlí, ju ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Bí òbúkọ bá ń lá ògiri ilé yín, ẹ má sọ pé orí rẹ̀ ló dàrú. Ó ní ohun tó ń wá. Ẹ gbé àga mi súnmọ́ ibi tí ìbòòji wà, kí ẹ sì jókòó. Ohun tí òbúkọ yìí ń fi ahọ́n rẹ̀ sọ, mo ti rí irú rẹ̀ rí, kò sì wù mí kí n kú láìsọ ọ́ fún ẹnì kan.

Àdúgbò Kouloundè níbí ni wọ́n bí yín sí, ẹ rò pé páálí ni oúnjẹ ewúrẹ́. N kò bá yín jà. Láti ìgbà tí ìyá yín ti mú mi kúrò ní Kambolé wá sí Sokodé, páálí àti ọ̀rá dúdú ni mo ń rí lẹ́nu ẹran àdúgbò yìí. Lánàá, níbi tí àwọn sẹ́mìjàn tó ń fi alùpùpù gbé èrò máa ń dúró sí, mo rí ewúrẹ́ kan tó ń jẹ ìwé ọmọ ilé-ìwé, ó jẹ ẹ́ láti orí dé ìdí. Mo ní, ẹ wò ó, òun náà ti fẹ́ gba sàtífíkà. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn.

Ní Kambolé ìgbà yẹn, bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí iṣu àti àgbàdo ti hù, a ó so gbogbo ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹran ẹni tó bá wọ oko ẹlòmíràn, ẹjọ́ dé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà títí a ó fi kórè, àwa là ń gbé oúnjẹ lọ bá wọn níbi tí a so wọ́n sí. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìró àdá lórí igi, pó, pó, pó, kí ẹ̀ka tó já lulẹ̀, ṣàà. Ìró yẹn a gba gbogbo ìgbẹ́ láti ìlú títí dé ọ̀nà Bago. Àwọn ewúrẹ́ náà a wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké nílé, nítorí wọ́n mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀. Ta ló ń gbọ́ ọ mọ́? Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ẹ̀rọ ni mo gbọ́ nínú igbó, igi apá ló ń gé, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń dúró dè é létí ọ̀nà. Mo dúró wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Apá tí mò ń gùn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́ ni.

Ìyá mi ló mọ ewé. Ẹ kò bá a láyé. Bàbá mi ti kú fi í sílẹ̀, òun nìkan ló sì tọ́ mi dàgbà, òun àti ewúrẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tó wà lábẹ́ ibùso, àtíbàbà tí à ń so wọ́n sí, lẹ́yìn ilé. Ó máa ń sọ pé ewé kò jọra lẹ́nu ẹran. Ewé ìyeyè, ẹran a máa sáré bá a. Ewé apá, òun ló ń fún ẹran lára, ìyá mi kì í fi ṣeré. Ewé abàfẹ̀ wà láàárín. Ṣùgbọ́n ewé ayìn, bí ẹ bá jẹ ẹ́ wò, ẹnu yín á fún pọ̀ bí ìgbà tí ẹ bá bu káṣú tí kò tíì pọ́n jẹ. Ohun tó ń fún ẹnu yìí náà ló ń fún inú. Bí ẹran bá jẹ ẹ́ níwọ̀nba, aràn a jáde lára rẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì dì dáadáa. Bí ó bá jẹ ẹ́ lájẹjù, ìyá mi ní ewé náà á di gbogbo ohun rere mú nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó dé ara. Ẹran á máa jẹ, á sì máa rù. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn ẹran tí ìjọba ń rán wá pé òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá mi kò sì mọ̀wé kankan àyàfi ìwọ̀nba sùúrà tó fi ń kírun.

Nítorí náà, ayìn ní òfin tirẹ̀ nílé wa. Bí a bá gé e lónìí, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó rọ di ọ̀la. Tó bá rọ tán, a ó wọ́n omi eérú sí i, eérú ààrò tó mọ́ tónítóní, a ó sì bu iyọ̀ díẹ̀ lé e. Ewé apá àti ìyeyè la ó kó lé e lórí. Nígbà náà ni a ó wá na ọwọ́ sókè mú kèrègbè.

Kèrègbè yìí wà ní kíkọ́ lábẹ́ ibùso àwọn ewúrẹ́. Ìyẹ̀fun eegun ló wà nínú rẹ̀. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, tí oníkálukú bá ti jẹ ẹran tán tó da eegun nù, ìyá mi a gbé agbọ̀n, a máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, a máa ṣa eegun. Àwọn ìyàwó ilé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá, ṣé ajá lẹ fẹ́ máa sìn ni?" A ní, "Ajá mi, ìwo ló ní." Tó bá délé, a sun eegun náà títí yóò fi funfun, a gún un nínú odó kan tó ti sán, a kù ú, a pò ó mọ́ káún tó rà lọ́wọ́ àwọn Hausa ní ọjà Tchamba, a sì fi amọ̀ tí a bù lára ọ̀gán sí i. Ohun tí ìka mẹ́ta bá mú ni oúnjẹ ẹran kan lójúmọ́. Ẹ ò bá rí irun ẹran ìyá mi, ó máa ń dán.

Mo ń sọ̀rọ̀ Iléyá. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, fún ọdún méjìlá, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó kan ilẹ̀ àgbàlá wa lọ́jọ́ ọdún. Ewúrẹ́ tó bá tó ohun tí à ń pa, àìsàn tàbí oúnjẹ ilé ló ń gbé e lọ. Àwọn aládùúgbò ló ń gbé ẹran wá fún wa. Ìyá mi a kúnlẹ̀, a fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a ṣàdúrà fún wọn títí wọn a fi dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, nígbà tí ẹni tó gbé ẹran wá ti lọ, ó jókòó ti abọ́ náà, kò ṣí i.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ afúnni ló ń wà lókè. Tèmi ti wà nísàlẹ̀ tó. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọdún tó ń bọ̀, èmi náà á gbé abọ́ jáde nílé yìí."

Ewúrẹ́ rẹ̀ kan ti bí akọ ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, ọmọ pupa tí iwájú orí rẹ̀ funfun. Ó fi ọwọ́ kàn án lórí, ó ní èyí ni. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní òbúkọ mọ́. "Ẹran Ọlọ́run" ló ń pè é. Nígbà tó lọ sí ọjà Sokodé, ó ra abọ́ onírin mẹ́ta tó ní òdòdó lára, tuntun, ó sì fi wọ́n pamọ́ fún ọjọ́ tí yóò pín ẹran.

Iléyá tó tẹ̀lé e máa bọ́ sí ìgbà iṣu tuntun. Oṣù mélòó kan ṣáájú rẹ̀, ọkọ́ ṣá ìyá mi lẹ́sẹ̀ lóko, ẹsẹ̀ náà wú, kò lè rìn jìnnà mọ́. Mo ti lé ní ogún ọdún nígbà yẹn, mo ti gbé Sàlámátù níyàwó, ìyá àgbà yín tó fi wá sílẹ̀ níjọ́sí. Ìyá mi pè mí, ó ní kí n gba ọ̀rọ̀ ewé. Ó kà á fún mi lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n yàn mí sí animasiọ̀n. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà ìjọba ẹnì kan ṣoṣo yẹn, bí àlejò ńlá bá ń bọ̀ wá sí Sokodé, ìlú kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ mú oníjó wá. Aṣọ kan náà la máa ń wọ̀, àwòrán Ààrẹ wà láyà rẹ̀. A ó kọrin, a ó jó nínú oòrùn, ẹni tí kò bá sì wá, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín pé wọ́n fi tipátipá mú mi. Ẹsẹ̀ mi yá nígbà yẹn, iwájú ni wọ́n fi mí sí, àwọn obìnrin sì ń pariwo orúkọ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju oko lọ. Ojoojúmọ́ là ń lọ kọ́ ijó ní Tchamba, lórí kẹ̀kẹ́.

Igi apá wà lọ́nà Bago. Ayìn wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mò ń gbà bọ̀ láti Tchamba. Ẹ ti mọ èyí tí mo gé. Mo ń ṣẹ́ ayìn, mo ń dì í sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí mo bá délé, mo ń jù ú síwájú ẹran ní tútù. N kò tẹ́ ẹ, n kò wọ́n eérú sí i, n kò tilẹ̀ wo apá ibi tí kèrègbè wà. Ó rẹ̀ mí, orin sì wà lẹ́nu mi.

Ìyá mi a béèrè láti orí ẹní rẹ̀, "Ṣé ewé náà rọ dáadáa?"

"Ó rọ, Ìyá."

"O wọ́n eérú sí i?"

"Mo wọ́n ọn."

"Kèrègbè ńkọ́?"

"Mo ti bù ú fún un."

"Ọlọ́run á dá ẹ lóhùn lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá pè é."

Lójoojúmọ́ ló ń béèrè, lójoojúmọ́ ni mo ń dáhùn, lójoojúmọ́ ló sì ń ṣàdúrà yẹn fún mi. Irọ́ àkọ́kọ́ ló nira. Lẹ́yìn èyí, ẹnu mi ti mọ ọ̀nà.

Òbúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lá ògiri. Ó lá ògiri ibùso náà títí ó fi dá ihò sí i. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo ní ó fẹ́ sá lọ bá abo kan lódì kejì. Ó jẹ okùn rẹ̀, ó jẹ eteetí ẹní. Ní ọjọ́ kan, mo sá aṣọ animasiọ̀n mi tó kún fún òógùn, afẹ́fẹ́ gbé e já sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí n tó dé, ó ti jẹ ojú Ààrẹ kan tán. Ẹ̀rù tó bà mí, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n. A ti ilẹ̀kùn àgbàlá, Sàlámátù ń wo ojú ọ̀nà, mo sì ń na ẹran náà bí ẹni pé ọlọ́ṣà ni. Títí di ọjọ́ ijó, mo ń fi ọwọ́ bo àyà mi níbi tí ihò wà. A ti fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ẹran tó ń jẹ aṣọ tó kún fún òógùn, iyọ̀ ló ń wá. Ṣé ò ń bu nǹkan inú kèrègbè yẹn fún un?"

Mo ní, "Ìyá, ṣé n ó máa pa irọ́ fún yín ni?"

Sàlámátù wò mí, mo sì fi ojú bá a wí.

A jó ní Sokodé, a jó dáadáa, àlejò ńlá náà ju ọwọ́ sí wa láti inú ọkọ̀, ọkọ̀ náà sì kọjá. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo dé Kambolé lọ́jọ́ kejì, òbúkọ wà ní ìkúnlẹ̀. Mo gbé e dìde, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú sókè, kò lè fi tẹlẹ̀. Iléyá ku ọjọ́ mẹ́jọ.

Ìyá mi mú ọ̀pá, ó wọ́ ẹsẹ̀ wá síbi ibùso. Ó fọwọ́ tẹ orúnkún ẹran náà. Ó ṣẹ́ ewé ayìn tó wà nílẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́, ó tu ú. Ó wá na ọwọ́ sókè, ó gbé kèrègbè kalẹ̀. Ó kún dé ẹnu. Taǹtakùn ti ta òwú bo ìdérí rẹ̀. Ó dì í mú báyìí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ó gbé e kọ́ padà. Kò wo ojú mi.

Ó ní, "Sàlámátù, bá mi bomi wá fún ẹran yìí."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ìbá ṣe pé ó bú mi! Ìbá ṣe pé ó fi ọ̀pá yẹn nà mí! Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò lọ ju oṣù mẹ́ta lọ.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, ó ránṣẹ́ pe Lèmámù mọ́sálásí wa. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rẹ́ bàbá mi. Ó ní kí n fa ẹran náà rìn. Mo fà á. Ó ń tiro, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà.

Lèmámù ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹran tí ìtiro rẹ̀ hàn báyìí, tó sì rù, a kì í fi ṣe Iléyá. Ọlọ́run ti rí ọkàn yín."

Ìyá mi ní, "Alhamdulillahi." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá.

Ní ọjọ́ Iléyá, abọ́ mẹ́ta náà wà ní dídojúdé lórí àpótí, ó ti fọ̀ wọ́n sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn aládùúgbò gbé ẹran wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. N kò lè jẹ nínú ẹran náà.

Láti ọjọ́ kejì ni ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú òbúkọ yẹn. Èmi ni mò ń lọ sọ́nà Bago lójoojúmọ́, tí mò ń gé apá, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ mi láìsọ̀rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu ìyẹ̀fun. A máa bá ẹran náà sọ̀rọ̀: "Èmi àti ìwọ, ẹlẹ́sẹ̀ kan ni wá. Ta ló máa kọ́kọ́ sáré?" Sàlámátù a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ìyá mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣàwàdà bíi ti tẹ́lẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ẹran náà tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀. Ó di pé ó ń fò, ìwo rẹ̀ nípọn, irun rẹ̀ ń dán. Ìyá mi fi ọwọ́ pa á lára, ó ní, "Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Ọyẹ́ dé, ibà sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹfà tí ìyá mi ti dùbúlẹ̀, mo jókòó tì í, mo ní n ó sọ ọ́ lónìí. Mo ní, "Ìyá, ní ti kèrègbè yẹn..."

Ó dá mi lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé o ti fún un lónìí?"

Mo ní, "Mo ti fún un, Ìyá." Òótọ́ sì ni.

Ó ní, "Mo gbà ẹ́ gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Lọ́jọ́ kejì ni ìyá mi kú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ fídáù, àlejò kún ilé, kò sì sí ẹran mìíràn tó tó pa. Lèmámù ní kí n fa òbúkọ náà jáde. Mo fà á yí àgbàlá ká. Ó ń rìn ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lèmámù wò ó láti orí dé ìrù, ó sì bojú wolẹ̀. Ó ní, "Kò sí àbùkù kankan lára rẹ̀."

Abọ́ mẹ́ta tó ní òdòdó lára ni mo fi pín in. Èmi ni mo gbé e kiri, ojúlé kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo ilé tó ti ń gbé ẹran wá fún un láti ọdún méjìlá. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún un. Ọwọ́ ìyá mi wá wà lókè lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Láti ìgbà náà, n kò pa ẹran Iléyá kan láìdárúkọ rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Láwàlí, kí lo sọ? "Bàbá, ça va, ó ti dáa, à á fún un ní iyọ̀ tó bá yá." Rárá o. Iyọ̀ wà nílé ìdáná. Lọ bù ú wá sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ, má rán àbúrò rẹ, má sì sọ fún mi pé o ti fún un. Fa òbúkọ náà wá síbí, síwájú àga mi. Jẹ́ kó lá a lọ́wọ́ rẹ, kí n rí i.